Fèrè Jọọlá: Àjẹ̀ Ni Tàbí Àwọ̀n?

Ẹni tí inú bá bí ní Ugbonla, kò sí ibi tí yóò bínú lọ. Ní ìlú tí ilẹ̀ wà, èèyàn lè fi ìbínú rìn dé oko, kó máa fi ẹsẹ̀ gbá òkúta títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ní Ugbonla, orí òpó ni ilé wà, pákó ni ọ̀nà, omi ló wà nísàlẹ̀. Bí o bá fi ìbínú jáde nílé, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógún péré, o ti já sí ilé ẹlòmíràn, wọn á sì ní kí o jókòó, kí o jẹ púpurú. Jọọlá mọ iye ìgbésẹ̀ yìí dáadáa. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ọdún tí ọbabìnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá wo Nàìjíríà, kò sí ọjọ́ tí kì í kà á.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ga, àyà rẹ̀ fẹ̀, èémí rẹ̀ sì gùn débi pé bí ó bá mòòkùn, ìyá rẹ̀ á ti máa ké kó tó yọrí. Èémí gígùn yìí gan-an ló kó bá a.

Nígbà tí Fágbèmí ti ogun Bọ́mà dé, àpótí mẹ́rin ló kó wálé, fèrè òyìnbó tí wọ́n ń pè ní sasofóònù ló sì wà nínú wọn. Ọkùnrin náà ti fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ ológun. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà pàdé, tí wọ́n kọ́ ọ ní orin jáàsì. Orin yìí, gbogbo wọn á jọ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹnì kan á wá yà kúrò lójú ọ̀nà, á máa fi fèrè sọ tinú ara rẹ̀ bó ṣe wù ú, á sì tún padà wá bá àwọn tó kù. Fágbèmí gbé e dé Ugbonla, ó yọ ìlù kúrò, ó yọ orin ẹnu kúrò, ó ní fèrè mẹ́rin tó. Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní orin tí èèyàn kò lè jó, tí kò sì lè gbè, ṣé ẹja ni wọ́n ń fọn ọ́n fún ni? Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, bí àwọn mẹ́rin bá ti jókòó sórí pèpéle tí wọ́n ń sá ẹja sí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ tó ń kọjá á dúró, ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ á gbé e lé itan, á tẹ́tí.

Fágbèmí fúnra rẹ̀ ló ń fọn èyí tó kéré jù. Sùlèímánì, tó ń fi ọkọ̀ ta kẹrosíìnì àti ọṣẹ láti Ugbonla dé Zion Pepe, ló ń fọn ìkejì. Rhoda, ọmọ Fágbèmí, tíṣà ilé-ìwé ìjọ, ló ń fọn ìkẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn kan kò tíì kúrò lára obìnrin tó ń fọn fèrè. Ìkẹrin, àgbà gbogbo wọn, tó wúwo bí ọmọ ọwọ́ tó yó, Jọọlá ni wọ́n gbé e kọ́ lọ́rùn, nítorí àyà rẹ̀.

Ohùn ìsàlẹ̀, tí àwọn tó kù ń dúró lé, ni iṣẹ́ àgbà fèrè yìí. Bí Fágbèmí bá yà, Jọọlá á dúró sí ìsàlẹ̀. Bí Sùlèímánì bá yà, á dúró. Bí Rhoda bá yà, tó lọ jìnnà, tó sọ tinú rẹ̀ tán, ìsàlẹ̀ ni yóò padà wá bá Jọọlá, níbi tó fi í sí. Fún ọdún mẹ́fà, kò sí ọjọ́ kan tí Fágbèmí wí pé, "Jọọlá, ó kàn ọ́, yà." Nígbà tó bi í léèrè, Fágbèmí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọma mi, bí òpó ilé bá ní òun fẹ́ lọ ṣeré, ibo ni onílé máa sùn?" Gbogbo wọn jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú Jọọlá. Ó ń dùn ún.

Àfi bí láǹṣì tó ń ti Sàpẹ́lẹ̀ lọ sí Èkó ṣe bàjẹ́ sí Ugbonla. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ọmọ́lẹ́wà, tó ni ẹgbẹ́ olórin ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó, wà nínú ọkọ̀ náà. Ó fi ọjọ́ méjì jókòó, ó ń pa ẹ̀fọn, ó ń bú awakọ̀. Ọjọ́ kejì bọ́ sí Àìkú, ó sì gbọ́ fèrè. Ó gbàgbé ẹ̀fọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó sún mọ́ Jọọlá, ó ní kó fọn nǹkan tó bá wù ú, òun nìkan. Jọọlá fọn ọ́n. Láyé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò ju oṣù kan lọ, lẹ́tà dé. Rhoda ló bá a kà á.

"Ẹni tó lè fọn àgbà fèrè ni mò ń wá, Èkó kò ní," lẹ́tà náà wí. "Bọ́ sínú láǹṣì Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Gbé fèrè rẹ dání, nítorí èmi kò ní irú rẹ̀. Ní ẹgbẹ́ tèmi, gbogbo ẹni tó ń fọn ló ń yà. Bí n kò bá rí ọ lọ́jọ́ náà, n ó ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Góòlù Kóòsì."

Jọọlá ní kó tún ibi tó ti ní gbogbo ẹni tó ń fọn ló ń yà kà. Rhoda tún un kà. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ṣé etí rẹ ti di ni?" Rhoda ní, ṣùgbọ́n ó kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa bú Fágbèmí láìmọ̀dí. Ní Ugbonla, iṣẹ́ yòówù tí èèyàn mẹ́rin bá jọ ń ṣe, òfin àwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bu omi òkun sínú igbá kan, wọ́n á jọ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àjẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń fi í tukọ̀. Bí ó bá ń kúrò nínú ẹgbẹ́, kó mú àjẹ̀ rẹ̀, kó máa lọ, kò sẹ́ni tó máa bi í. Àwọ̀n ní tirẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́; ẹni tó bá ń lọ kò gbọdọ̀ gé òwú kan níbẹ̀. Òfin yìí ti wà kí bàbá bàbá wọn tó dáyé, kò sì tíì rú ẹnikẹ́ni lójú rí. Nígbà tí Fágbèmí dá ẹgbẹ́ fèrè sílẹ̀, àwọn mẹ́rin ti ọwọ́ bọ omi bí ó ti yẹ. Kò sí ẹni tó rántí béèrè lọ́jọ́ náà bóyá sasofóònù jẹ́ àjẹ̀ tàbí àwọ̀n.

Jọọlá lọ bá Fágbèmí nílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, ó sọ tẹnu rẹ̀. Fágbèmí ń fi àdí àgbọn pa fèrè rẹ̀ kí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Kò dáwọ́ dúró.

"O lè lọ," ó ní. "Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa lọ sí Èkó. Ìyà ò ní jẹ ọ́ níbẹ̀, lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n fèrè ò ní bá ọ lọ."

"Bàbá, láìsí fèrè, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Àwọ̀n ni, Jọọlá. A jọ ti ọwọ́ bọ omi."

"Àjẹ̀ ni, Bàbá. Èmi nìkan ni mò ń fọn ọ́n, ẹnu mi nìkan ló mọ̀. Ta ló ń bá ẹlòmíràn di àjẹ̀ rẹ̀ mú?"

"Àwọ̀n ni!" Fágbèmí sọ àkísà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ojú ogun ni mo dé kí n tó rí nǹkan mẹ́rin yìí kó bọ̀. Bí o bá gbé ọ̀kan lọ, mẹ́ta tó kù ti di ohun ìṣeré ọmọdé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Níbo ni mo ti fẹ́ tún rí i?"

Jọọlá wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà. Ìyẹn ló wá mú ọ̀rọ̀ le sí i, nítorí bí Fágbèmí bá jẹ́ ìkà ni, Jọọlá ì bá bú u, inú rẹ̀ ì bá sì balẹ̀. Ó dìde, ó jáde, ó ka ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ó já sí ẹnu ọ̀nà Sùlèímánì.

"Jókòó, jàre," Sùlèímánì wí. "Oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ni."

Ó jókòó. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó rò ó pé òun á gbé fèrè sá, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sá ní ìlú tí ojú fèrèsé kọjú sí ojú fèrèsé? Ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ náà gún lójú títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó gbé òkèlè padà sínú abọ́. 

Nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn, ó gbé ẹjọ́ lọ bá Bàbá Olówòkéré, àgbà nínú àwọn olórí àwọ̀n, tí ẹjọ́ àwọ̀n kò sú rí. Bàbá náà ní kí wọ́n gbé fèrè náà wá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

"Éè jọ àjẹ̀," ó ní. "Éè sì jọ àwọ̀n. Ọma mi, nǹkan tí ojú bá wò tì, omi la í jù ú sí ká mọ̀." Ó ránṣẹ́ pe Fágbèmí, ó sì pàṣẹ níṣojú àwọn méjèèjì. "Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin mẹ́rin á fọn fèrè. Bí mo bá na ọwọ́ sókè, kí Jọọlá dákẹ́. Kó má fọn títí n ó fi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bí orin bá dúró láìsí i, àjẹ̀ rẹ̀ ni, kó gbé e, kó máa lọ l'Ọ́jọ́bọ̀. Bí orin bá wó, àwọ̀n ni, kó fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́."

Fágbèmí gbà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Jọọlá náà gbà, nítorí ẹni tó ń rì kì í yan ohun tí yóò dì mú.

Rhoda ló wá bá a lọ́jọ́ kejì, níbi tó ti ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni wọ́n, wọ́n jọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ilé kan náà.

"Mi ò ní jẹ́ kó wó," ó ní.

"Kí ni kò ní wó?"

"Orin. Fèrè tèmi lè lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Kò ní tó tìẹ, ṣùgbọ́n àwọn bàbá yẹn, ẹja ni wọ́n mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ máa fọn tìẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni tí ebi ń pa. Bí wọ́n bá wá ní kí o dákẹ́, èmi á ti wà nísàlẹ̀. Wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan kúrò."

"Bàbá rẹ á mọ̀."

"Á mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé á fi ọmọ rẹ̀ sùn níwájú ìlú?"

Jọọlá dáwọ́ omi gbígbọ́n dúró. "Kí ló dé tí o fi ń ṣe èyí fún mi?"

Rhoda wo omi. "Mo mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn yà," ó ní. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń yà, tí ìwọ ń dúró dè mí. Ó ń tì mí lójú."

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, ọkọ̀ kún abẹ́ pèpéle débi pé èèyàn lè ti orí ọkọ̀ dé orí ọkọ̀ láìtẹ omi. Àwọn kan ti Zion Pepe wá, àwọn kan ti Araromi. Kì í kúkú ṣe nítorí orin. Ẹjọ́ ni wọ́n wá wò. Bàbá Olówòkéré àti olórí àwọ̀n méjì mìíràn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n di ọwọ́ mọ́ra bí ẹni tó ń dúró de kí omi fà.

Orin bẹ̀rẹ̀. Jọọlá ń fọn ọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ṣàdéhùn, ó sì ń dùn ún bí ẹni tó ń parọ́ mọ́ ìyá rẹ̀. Fágbèmí yà, ó padà. Ó kan Sùlèímánì, òun náà yà. Ibẹ̀ ni Bàbá Olówòkéré ti na ọwọ́ sókè.

Jọọlá dákẹ́. Ó gbé fèrè lé itan.

Rhoda ti wà nísàlẹ̀. Ó ń mí kíkankíkan, ọrùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó dì í mú. Orin ń lọ. Olórí àwọ̀n tó jókòó lápá òsì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti dákẹ́, ó ṣì ń mi orí. Fágbèmí mọ̀, ojú tó fi wo ọmọ rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.  Jọọlá ń wo ọwọ́ àgbà tó wà lókè, ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, mo ti lọ, mo ti dé Èkó.

Àwọn ọlọ́gbọ́n méjì yìí, Jọọlá àti Rhoda, ẹ wo ohun tí wọ́n gbàgbé. Bí Sùlèímánì bá ti yà tán, Rhoda ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́fà. Sùlèímánì padà, ó sì yí ojú sí Rhoda. Fágbèmí náà yí ojú sí i. Bí ó bá jókòó sí ìsàlẹ̀, ihò máa ṣí lókè, gbogbo ayé á gbọ́ ọ. Bí ó bá gòkè, kò sí ẹni tó máa wà nísàlẹ̀. Ó gòkè.

Ó kọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó wá yí padà láti sọ̀ kalẹ̀, kò bá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé. Jọọlá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ohùn Rhoda bọ́ sí ibi tó fi díẹ̀ ga ju ibi tó yẹ lọ. Sùlèímánì sún lọ pàdé rẹ̀, ó ṣì í. Fèrè kékeré Fágbèmí ń wá àwọn méjèèjì kiri. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Obìnrin kan sọ ọ́ sókè, "Ṣé mo wí? Obìnrin àti fèrè!" Rhoda la ojú. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló wò, kò sì wo èèyàn. Fèrè tó wà lórí itan Jọọlá ló ń wò.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ọwọ́ Bàbá Olówòkéré ń sọ̀ bọ̀. Apá arúgbó ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Jọọlá rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò rí i. Kò ju kó mí lẹ́ẹ̀kan sí i lọ, ọwọ́ á ti délẹ̀, ìdánwò á ti parí, wọn á sì ní ọmọ Fágbèmí ló ṣi fèrè fọn. Àṣìṣe kì í pa èèyàn.

Fèrè ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀. Gbogbo èémí tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀ ló tú sí ìsàlẹ̀ orin náà, pákó pèpéle sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Rhoda sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Sùlèímánì padà, Fágbèmí padà. Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Nígbà náà ni Fágbèmí yọ fèrè kúrò lẹ́nu. Omi wà lójú rẹ̀. Ó mi orí sí Jọọlá, ó ní, "Yà."

Jọọlá yà. Rhoda bọ́ sí ìsàlẹ̀ fún un. Kí ni mo fẹ́ sọ nípa ohun tó fọn? Ó fọn Èkó tí kò ní rí. Ó fọn òtẹ́ẹ̀lì náà àti iná mànàmáná rẹ̀, ó fọn orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn àjèjì. Àwọn tó jókòó nínú ọkọ̀ dìde dúró, wọ́n di ara wọn mú kí ọkọ̀ má bàa dojú dé. Kò gùn. Kò lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tó tán, òun fúnra rẹ̀ ló padà sí ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó tì í.

Bàbá Olówòkéré dìde.

"Ọwọ́ mi ti ń bọ̀ nílẹ̀," ó ní. "Bí ó bá ti ní sùúrù díẹ̀, ǹ bá ní àjẹ̀ ni. Pé ọmọ Fágbèmí ṣìnà díẹ̀, éè ṣe nǹkan kan, ta ni éè ṣìnà rí? Ṣùgbọ́n mo ní kó dákẹ́, éè lè dákẹ́. Orin ni mo ń dán wò, Jọọlá ló dá mi lóhùn. Àwọ̀n ni."

Àwọn méjì tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹjọ́ parí. Rhoda sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń wí pé òun ló ba ayé Jọọlá jẹ́, òun ló bà á jẹ́. Jọọlá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ bínú sí i, ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ohun tó rí níbẹ̀ burú ju ìbínú lọ: ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá náà ni òun á fọn ọ́n.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, láǹṣì dé. Jọọlá lọ sí èbúté, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Akọ̀wé ọkọ̀ náà, ọkùnrin kúkurú kan tó wọ fìlà òyìnbó, ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni Jọọlá? Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́lẹ́wà ti sanwó ọkọ̀ rẹ. Fèrè dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kò ní lè wá."

Ojú akọ̀wé náà le. Ó rò pé àwọn ará ìlú ló fi ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n. Ó ti rí irú rẹ̀ lójú odò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má bẹ̀rù, sọ fún mi. Ta ló dì ọ́ mú? Sọ orúkọ rẹ̀, n ó kọ ọ́ sílẹ̀."

Jọọlá ronú kan Fágbèmí. Fágbèmí ní kó máa lọ. Ó ronú kan Bàbá Olówòkéré, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ nílẹ̀. Ó ronú kan Rhoda, tí kò pè é.  Pẹ́ńsùlù akọ̀wé wà lórí ìwé, ó ń dúró.

"Kò sí," Jọọlá wí. "Ẹ sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò dì mí mú." Ó sì bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú gbogbo èrò ọkọ̀, nítorí pé òótọ́ ló sọ.